Tí aláìsàn yín bá kàn ń jókòó, tí kò fẹ́ ṣe ohunkóhun: ìtọ́sọ́nà fún ará ilé

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ènìyàn wa ní Ìyàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí lọ́nà oríṣiríṣi. Ẹnì kan á ní: "Rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá wa. Ọwọ́ ti ń gbé, ẹsẹ̀ ti ń gbé, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ dìde. Orí àga ni ilẹ̀ ń ṣú bá wọn." Ẹlòmíràn á ní: "Àbúrò mi ń lo oògùn ọpọlọ. Kò bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀ mọ́, kò sá kúrò nílé mọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ wẹ̀, kò sì fẹ́ bá wa lọ sóko." Ọmọ ìyá tí ìgbàgbé ti ń bá jà náà á bi mí, ìyàwó ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n náà á bi mí. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń parí ọ̀rọ̀ sí: ṣé ọ̀lẹ ni, àbí ayé ló ń ṣe é?

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ayé. Àìsàn náà ló ń ṣe é. Ohun méjì ló sì sábà máa ń wà nídìí ìjókòó yẹn. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀kan kọ́ là ń tọ́jú èkejì. Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó wà lára ẹni yín, àti ohun tí ẹ máa ṣe sí i, ni mo kọ síhìn-ín.

## Ẹ kọ́kọ́ wo èyí: ohun tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la

Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an tí:

- ìyípadà náà bá dé lójijì, láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan sí méjì: ó ń tòògbé ṣáá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, kò mọ ibi tó wà mọ́;
- ojú tàbí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí apá kan bá kú lójijì;
- kò bá jẹ, tí kò sì mu;
- ó bá ń sọ pé òun máa pa ara òun, tàbí tó ń wá ibi tí oògùn oko wà, tàbí tó déédéé ń pín ẹrù rẹ̀ fún ènìyàn.

Ẹni tó dákẹ́ lójijì lè ní ibà, tàbí kí kòkòrò ti wọ ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé omi ara rẹ̀ ti gbẹ, pé ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tàbí pé rọpárọsẹ̀ mìíràn ló tún dé. Àwọn àgbàlagbà wa ni èyí máa ń ṣe jù, nítorí pé ara wọn lè máà gbóná rárá nígbà tí kòkòrò bá wọ̀ ọ́. Ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà tàbí ìparí ọ̀sẹ̀.

## Ohun méjì tó jọra

Èkíní ni àìkọbiarasí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní apathy. Nínú ọpọlọ, lápá iwájú orí àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibì kan wà tó ń mú kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ nǹkan fúnra rẹ̀. Rọpárọsẹ̀, àrùn Parkinson (èyí tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n), àrùn ìgbàgbé, orí tó fọ́ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, àti àwọn àìsàn ọpọlọ bíi sikisofrẹ́níà lè ba ibẹ̀ jẹ́. Ẹni náà dà bíi jẹnẹrétọ̀ tó ní epo nínú, àmọ́ tí okùn tí wọ́n fi ń fà á ti já. Kò bínú, kò banú jẹ́. Kò kàn lè ṣíná fúnra rẹ̀ ni.

Èkejì ni ìsoríkọ́. Èyí dun ẹni náà nínú. Ìbànújẹ́ tàbí òfìfo bò ó mọ́lẹ̀, oorun sá, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó gbà pé òun ti di ẹrù sí ẹbí lọ́rùn. Tó bá ti ń lọ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń fi ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán tán.

Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ń ní ìsoríkọ́, àìkọbiarasí náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú àrùn ìgbàgbé, àìkọbiarasí wà lára ohun tí a máa ń rí jù. Ẹnì kan sì lè ní méjèèjì pa pọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má ṣe kánjú sọ pé ọ̀kan ni.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lálaalẹ́, kí ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta péré: ohun tó ṣe fúnra rẹ̀, ohun tó ṣe nígbà tí ẹ pè é sí i, bó ṣe jẹun, bó ṣe sùn, ohun tó sọ.

Ó jọ àìkọbiarasí tí:

- kò bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan, àmọ́ tó ń bá a lọ tí ẹ bá bá a bẹ̀rẹ̀;
- ó bá ń jẹ oúnjẹ tí ẹ gbé síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kì í béèrè;
- ìròyìn ayọ̀ àti ìròyìn ikú bá ń bọ́ sí etí rẹ̀ bákan náà;
- ipò tó wà kò bá dùn ún, tó jẹ́ ẹ̀yin ará ilé ló ń dùn.

Ó jọ ìsoríkọ́ tí:

- ó bá ń sunkún, tó ń mí kanlẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ fà ro;
- ó bá ń jí ní òru kùtùkùtù tí oorun ò sì padà wá;
- ó bá ń sọ pé "mo ti ba ayé yín jẹ́", "kí Ọlọ́run tètè wá mú mi";
- ó bá ń kọ oúnjẹ tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, tí ó sì ń rù.

Ohun kan ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, àwọn kan máa ń bú sẹ́kún tàbí sẹ́rìn-ín lójijì láìnídìí, tí yóò sì dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé inú yín bàjẹ́ ni?" Tí wọ́n bá ní rárá, ọpọlọ tó fara pa ló ń ṣe é. Ẹ sọ fún dókítà, oògùn wà tó ń dín in kù.

Tí rọpárọsẹ̀ bá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má ṣe retí pé yóò sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ lo ìbéèrè tí a ń fi orí mímì dáhùn, kí ẹ sì máa wo ojú, oúnjẹ àti oorun.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yẹ ara wò, ẹ yẹ àpò oògùn wò

Ìgbésẹ̀ yìí ni a sábà máa ń fò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ máa ń wà nígbà mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lára, ṣúgà, ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ìrora tí kò sọ, ìgbẹ́ tí kò jáde, etí tó ti di, ojú tí nǹkan funfun (cataract) ti bò: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè sọ ènìyàn di ẹni tó kàn ń jókòó. Bàbá tí kò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ kò lè dá sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ da gbogbo oògùn rẹ̀ sórí tábìlì, títí kan èyí tí ẹ rà ní kẹ́mísì àti àgbo. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí:

- Haloperidol, tó jẹ́ oògùn ọpọlọ, àti àwọn oògùn irú rẹ̀ lè mú ara gan, kí ojú má rẹ́rìn-ín mọ́, kí ìrìn falẹ̀. Tí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ jù, ó lè jọ àìkọbiarasí. Ẹni tó ní àrùn Parkinson kò yẹ kó lò ó. Metoclopramide tí wọ́n ń fún ènìyàn nítorí èébì náà ń mú Parkinson le sí i.
- Phenobarbital, oògùn wárápá tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, lè mú ìrònú falẹ̀, kó sì mú ìsoríkọ́ wá.
- Fluoxetine, sertraline àti ẹgbẹ́ wọn ń wo ìsoríkọ́ sàn, ṣùgbọ́n lára àwọn kan, wọ́n lè mú kí ẹkún lọ kí ayọ̀ náà sì lọ. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ sọ.
- Amitriptyline, tó jẹ́ oògùn ìsoríkọ́ náà, lè mú òòyì, ìdàrúdàpọ̀ àti ìtọ̀ tí kò jáde bá àgbàlagbà.
- Diazepam àti àwọn oògùn oorun mìíràn, tramadol, igbó àti ọtí: ẹ má fi èyíkéyìí pa mọ́ fún dókítà.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín o: ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Oògùn wárápá tí ẹ bá dá dúró lójijì lè gbé gìrì tí kò ní dá sílẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn. Oògùn ìsoríkọ́ tí ẹ bá gé kúrò lójú ẹsẹ̀ náà ń fa òòyì àti àìsùn. Ẹ gbé àpò oògùn náà lọ, kí dókítà ló ṣe é.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ béèrè nípa ikú, ẹ má ṣe yí i po

Ibí yìí ló ń dẹ́rù bà wá jù. A rò pé tí a bá dárúkọ rẹ̀, a ti gbìn ín sí ẹni náà lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kì í gbìn ín. Ó máa ń tu ẹni tó ti ń dá rò ó lára ni.

Ẹ yan àsìkò tí ilé dákẹ́. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe iwájú rẹ̀ bí ẹni ń wádìí ọ̀ràn. Ẹ rọra gùn ún bí àtẹ̀gùn:

"Bàbá, ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo rí i pé ọkàn yín wúwo."

Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn, kódà tó bá pẹ́.

"Ṣé ó máa ń ṣe yín bíi pé kí ẹ sùn kí ẹ má jí mọ́?"

Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni: "Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn láti fọwọ́ ara yín ṣe é?"

Tí wọ́n bá tún ní bẹ́ẹ̀ ni: "Kí ni ẹ rò pé ẹ máa lò?"

Ẹ má pariwo, ẹ má sì sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kí ẹ wá yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ dúpẹ́ pé wọ́n sọ ọ́. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀rù ọlọ́pàá máa ń mú kí ẹbí fi irú ọ̀rọ̀ báyìí pa mọ́. Ọwọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Fífi í pamọ́ ló ń pa ènìyàn.

Lọ́jọ́ náà, ẹ kó oògùn apakòkòrò àti oògùn koríko kúrò nínú ilé. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yàrá ni a ń gbé wọn sí. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ẹlòmíràn tàbí kí ẹ tì wọ́n pa, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan péré. Ẹ ṣe bákan náà fún ìbọn ọdẹ. Oògùn rẹ̀ náà, ẹ máa fún un ní ti òòjọ́, ẹ má ṣe gbé páálí lé e lọ́wọ́. Amitriptyline ni mo ń ro jù nígbà tí mo ń kọ èyí, nítorí tó bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, ó ń dá ọkàn dúró.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ìlọ sílé ìwòsàn

Ilé ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ yín ni ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀, fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ibà. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn ìjọba ní Kabba, ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́jà. Fún àwọn tó wà ní ìhà Ẹ̀gbẹ̀, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin náà kò jìnnà jù. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ rán ẹnì kan lọ béèrè ọjọ́ tí dókítà ọpọlọ ń gba aláìsàn, kí owó ọkọ̀ má bàa ṣòfò.

Ẹ mú dání:

- ìwé kékeré tí ẹ kọ;
- gbogbo oògùn, nínú páálí wọn;
- káàdì àti àyẹ̀wò àtijọ́;
- ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tó ti Àbújá dé lánàá.

Tí kò bá sí dókítà ọpọlọ nítòsí, ẹ má padà sílé. Dókítà gbogbogbò lè tọ́jú ìsoríkọ́. Ẹ sọ fún un ní tààrà pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó bóyá ìsoríkọ́ ni tàbí apathy."

## Tó bá jẹ́ ìsoríkọ́

Wọ́n lè fún un lóògùn, wọ́n sì lè ní kí ẹnì kan máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ bíi parasitamọ́ọ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ni a tó máa rí ìyàtọ̀ díẹ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó wọlé dáadáa. Inú lè máa yí i, orí lè máa fọ́ ọ, ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ọ́ nù. Ẹ fara dà á, ẹ sì máa wò ó dáadáa láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, nítorí pé agbára lè kọ́kọ́ padà sí ara kí ìbànújẹ́ tó lọ.

Nígbà tí ara bá yá, kó ṣì máa lò ó lọ, ó kéré tán fún oṣù 6. Tó bá ń lo aspirin tàbí warfarin (àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) nítorí rọpárọsẹ̀, ẹ rán dókítà létí, torí pé àwọn oògùn bíi fluoxetine lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè máa ya.

Àdúrà ńkọ́? Ẹ gbà á. Ìjọ àti mọ́ṣáláṣí máa ń mú kí ènìyàn wà láàárín ènìyàn, oògùn sì ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí wọ́n ní kó gbààwẹ̀ láìlo oògùn wárápá tàbí oògùn ṣúgà rẹ̀, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é tàbí kó nà án, ibi yòówù kó jẹ́, ẹni yòówù kó jẹ́.

## Tó bá jẹ́ àìkọbiarasí

Oògùn kan pàtó tó ń wò ó sàn kò tíì sí. Nínú Parkinson, tí dókítà bá tún ìwọ̀n oògùn ṣe, ó lè ràn án lọ́wọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ yín nílé. Ẹ̀yin ni okùn tí a fi ń fa ẹ̀rọ.

1. Ẹ yan àkókò kan, ẹ má yí i padà. Ìwẹ̀ lẹ́yìn tíì, ìrìn lẹ́yìn ìwẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ kí oòrùn tó mú. Tí ọjọ́ bá ti mọ́ ọn lára, kò ní nílò láti máa rò ó kó tó ṣe é.

2. Ẹ má béèrè "Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Ìbéèrè yẹn tóbi jù fún un. Ẹ fún un ní méjì kó mú ọ̀kan: "Ìyá, ṣé ẹ̀gúsí la máa bó, àbí òwú la máa ká?"

3. Ẹ gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, kí ẹ sì jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀gúsí bíbó. Tí ẹ bá gbé igbá ẹ̀gúsí fún ìyá tí ẹ sì lọ sí ọjà, ẹ máa bá a bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gbé àga rẹ̀ síta lábẹ́ igi. Ẹ gbé atẹ lé e lẹ́sẹ̀, ẹ bu ìkúnwọ́ kan péré sínú rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ bó ọ̀kan, ẹ ju èèpo sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan sí i láàárín ìka. Ẹ dúró. Ìṣẹ́jú kan lè kọjá kí ìka tó gbéra, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti bó ọ̀kan, ẹ má bu ìyìn ńlá lé e bí ọmọdé, ẹ kàn sọ pé "Ẹ ṣeun, Ìyá," kí ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ máa ń rántí ọ̀nà rẹ̀.

4. Ẹ lo iṣẹ́ tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti hun aṣọ rí ní Bùnú tàbí Ògìdì lè má lè jókòó sí òfì mọ́, ṣùgbọ́n ó lè ká òwú tàbí yan àwọ̀. Ní àsìkò kajú, ẹni tí apá kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ lè máa ṣa èyí tó jẹrà kúrò lára èyí tó dára.

5. Ẹ mú ara rìn. Ìrìn díẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹni tí yóò dì í mú, ń ran ọpọlọ lọ́wọ́, ó sì ń ran oorun lọ́wọ́.

6. Ẹ dá a dúró kó tó rẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó parí dáadáa sàn ju wákàtí kan tó fi ìjà parí.

Tó bá kọ̀ lónìí, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ tún padà wá lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí pẹ̀lú ohùn kan náà.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Ìbínú ni àkọ́kọ́. "Ẹ ò rí lágbájá tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ tó ti ń lọ sóko?" Ìpalára ọpọlọ ọ̀tọ̀ ni ti lágbájá. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣíná fún ẹni tó ní àìkọbiarasí, ó sì ń gún ẹni tó ní ìsoríkọ́ lọ́kàn.

Èkejì, tí mo kà sí èyí tó léwu bíi ti àkọ́kọ́, ni kí a máa ṣe gbogbo nǹkan fún un nítorí ìfẹ́: a fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, a wọṣọ fún un, a dáhùn ìbéèrè àlejò fún un. Ohun tó bá lè ṣe, bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹ jẹ́ kó ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni pé tí kò bá yọ wá lẹ́nu, a rò pé ara rẹ̀ ti yá. Aláìsàn tó dákẹ́ kì í gba àfiyèsí, aláriwo ni a ń gbé lọ sílé ìwòsàn.

## Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú

Ìtọ́jú ẹni tí kì í dúpẹ́, tí kì í bínú, tí kì í rẹ́rìn-ín, ń tán ènìyàn lókun ju ìtọ́jú ẹni tó ń kérora lọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó kù sílé, tàbí ìyàwó, ni ẹbí sábà máa ń dì í rù. Ẹ pín in. Ẹni tó wà ní Èkó tàbí Àbújá kó san owó oògùn, kó sì tún wálé fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹni tó wà nílé lè lọ sinmi. Ẹni tó wà nítòsí kó gba ọjọ́ ọjà.

Kí ẹnì kan nínú ẹbí sì máa bi olùtọ́jú náà léèrè lóṣooṣù: ṣé o ń sùn? Ṣé oúnjẹ ń lọ? Ṣé ó ti ń ṣe ọ́ bíi pé kí o má jí mọ́? Tí ìdáhùn kò bá dára, ẹ gba káàdì tirẹ̀ náà nígbà tí ẹ bá tún ń gbé aláìsàn lọ.